Mo ti sùn mọ́jú ní àgọ́ ọlọ́pàá nítorí èébú

Àbúrò, o ní agbowó ọjà kan fẹ́ fi ọlọ́pàá mú ọ torí pé o bú u lójú èrò, o wá ń béèrè ṣé òfin ò ti ní kí kálukú sọ tẹnu ẹ̀ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbójú lé e rí.

Ọláìyá níbí ní Òṣogbo ni, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Awakọ̀ kórópe ò fún mi ní ṣéńjì 300 náírà. Mo bú u, ó la ìka márààrún sí mi lójú: "Ìyá ẹ!" Bẹ́ẹ̀, a ò tíì ṣe ogójì ọjọ́ ìyá mi. Ni mo bá di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, mo ní, "Ògún á fi ọkọ̀ yìí pa ẹ́!" Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ sí awakọ̀? Ó paná ọkọ̀ sáàárín títì, ó gbá mi lọ́rùn aṣọ mú, ó ní àfi kí n kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Èrò pé bò wá, ọkọ̀ ò lọ, ọkọ̀ ò bọ̀. Ọlọ́pàá kó àwa méjèèjì.

Ní àgọ́, mo ń ké abala 39 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, èyí tó fún kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu ẹ̀. Ọ̀gá wọn kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ka abala 45 mọ́ ọn, èyí tó gba ìjọba láyè láti fi òfin dín ẹ̀tọ́ yẹn kù torí àlàáfíà ìlú àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíì. Ó tún fa abala 249 òfin ìwà ọ̀daràn yọ: ẹni tó bá ń hùwà tó lè dá ìjà sílẹ̀ ní gbangba, wọ́n lè mú un láìsí ìwé àṣẹ, ẹ̀wọ̀n oṣù kan sì ni. Kì í ṣe èpè ni wọ́n tìtorí ẹ̀ mú mi o, títì tí ìjà wa dí ni.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n mú owó béèlì wá. Irọ́ ni, béèlì kì í gba owó. Bẹ́ẹ̀ sì ni abala 35 ìwé òfin 1999 yẹn ò jẹ́ kí wọ́n tì ọ́ mọ́lé ju ọjọ́ kan lọ láìgbé ọ dé kóòtù, bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà. Kóòtù sì pọ̀ ní Òṣogbo.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, awakọ̀ ní òun ò ṣẹjọ́, àdúrà lòun fẹ́. Mo gbọ́wọ́ lé iwájú ọkọ̀, mo ní Ògún ò ní mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ó ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá fa 300 náírà mi yọ lápò.