Kí o tó fi iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì yẹn sílẹ̀

Àbúrò mi, o ní oṣù mẹ́ta péré lo tíì lò nídìí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, àlejò kan wá sọ aṣọ ìnura lù ọ́ lójú torí pé omi gbígbóná ò yọ. O ń bèèrè bóyá kí o fara dà á ni àbí kí o máa lọ. Ọdún 9 ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní Àgbádárìgì, yàrá títúnṣe ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo máa ń sunkún níbi tá a ti ń fọṣọ. Bí mo bá fi máa ṣe yàrá 14 tán, ẹsẹ̀ mi á ti wú. Màmá tó kọ́ mi níṣẹ́ á fọwọ́ ra bẹ́ẹ̀dì tí mo tẹ́, tó bá rí ibi tó hunjọ, á fa aṣọ rẹ̀ yọ pátá: "Tún un tẹ́." Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo. Mo rò pé ó kórìíra mi ni. Ìgbà tó yá, ọwọ́ mi ń ki etí aṣọ bọ abẹ́ fóòmù, ojú mi ti ń wá irun nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bálùwẹ̀.

Ohun tó le jù ni pé àlejò òní ò mọ̀ pé tàná bú ọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà máa ń wọ̀ sọ́dọ̀ wa. Wọ́n á lọ sí Vlekete, ibi ọjà ẹrú àtijọ́, wọ́n á wọkọ̀ ojú omi dé erékùṣù Gberefu, wọ́n á rin ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà nígbà yẹn dé etí òkun. Ìyá àgbà kan ti ibẹ̀ dé, ó fi yanrìn tẹ gbogbo ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, kò sì dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i. Inú ti fẹ́ bí mi. Mo bomi sínú báàfù, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, ó ń sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan.

Àmọ́ o, ìyẹn yàtọ̀ sí ìwọ̀sí. Lọ sọ ọ̀rọ̀ aṣọ ìnura yẹn fún máníjà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí o bá ń tún yàrá ṣe, ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí kẹ̀kẹ́ tí o fi ń kó aṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí àlejò kan bá ní kí o tì í, jáde. Mo fara da irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan torí ẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́. Ó ń dùn mí dòní.

Ní ti omi, bí hítà bá ti bàjẹ́, sọ fún àlejò kó tó bọ́ṣọ, kí o sì gbé omi kaná fún un. Bí máníjà bá fọwọ́ rọ́ ẹjọ́ rẹ sẹ́yìn, wá òtẹ́ẹ̀lì mìíràn lọ.