Àgbà ọ̀jẹ̀ tí igi rẹ̀ kò dún mọ́: báwo la ṣe ń wọn ìwúlò rẹ̀?

Lẹ́tà tó wọlé lórí béèsìbọ́ọ̀lù lóṣù yìí pọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù sì ti wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń yí ká: àgbà agbábọ́ọ̀lù tó ti gba gbogbo ẹ̀yẹ tó wà nílẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ wá wálẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì wálẹ̀. Albert Pujols, tó gbá béèsìbọ́ọ̀lù ní líìgì Amẹ́ríkà, la fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láàárín 2017 sí 2022 fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn gbogbo ìbéèrè náà tán.

Ìbéèrè: Ní 2017, Pujols mú ayò 101 wọlé fún Los Angeles Angels, ó sì lu home run 23 (bọ́ọ̀lù tó lù kọjá ògiri pápá). Síbẹ̀ àwọn oníṣirò ní ìpalára ló jẹ́ fún ẹgbẹ́ náà. Báwo ni ẹni tó mú ayò tó lé lọ́gọ́rùn-ún wọlé ṣe lè jẹ́ ìpalára? (Houston)

Ìdáhùn: Ayò tí ènìyàn mú wọlé máa ń sinmi lórí àwọn tó lọ sídìí igi (ibi tí wọ́n ti ń fi igi lu bọ́ọ̀lù) ṣáájú rẹ̀. Mike Trout, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni Pujols sábà máa ń tẹ̀ lé lọ́dún yẹn, Trout sì ń dé bẹ́ẹ̀sì (ọ̀kan nínú ibùdó mẹ́rin tí ènìyàn ń sáré yí ká kó tó di ayò kan) ní ìgbà tó lé ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá (.442). Àwọn kan ti gún iyán náà kí Pujols tó dé ìdí odó.

Out, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá mú ẹni tó ń lù tàbí tó ń sáré kúrò nínú eré, ni kí ẹ kà. Out 27 ni ẹgbẹ́ kan ní nínú eré kan. Tó bá ti tán, ilé yá. Ẹ mú bírò, ẹ bá wa ṣírò ti Pujols. Ìgbà 593 ni wọ́n kà fún un nídìí igi lọ́dún yẹn, láìka ìgbà tí wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀sì ọ̀fẹ́ (nígbà tí bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí wọ́n jù sí i kò bọ́ síbi tó yẹ) àti ìgbà díẹ̀ mìíràn tí òfin kì í kà. Ìgbà 143 ló lù ú tó sì dé bẹ́ẹ̀sì. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku 450. Ìgbà 26 tún wà tó lu bọ́ọ̀lù tó yí nílẹ̀, tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo náà mú òun àti ẹni tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀sì. Ó di 476. Ẹ fi 27 pín in: ó lé ní 17 àti ààbọ̀. Gbogbo out tí odindi ẹgbẹ́ ń ná nínú eré mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ná an.

Bẹ́ẹ̀sì ọ̀fẹ́ ì bá sì ti dín in kù, ṣùgbọ́n 37 péré ló gbà. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, .286 ni iye ìgbà tó ń dé bẹ́ẹ̀sì, nígbà tí ti alábọ́ọ́dé agbábọ́ọ̀lù jẹ́ bíi .324. Nínú ìgbà 636 tó lọ sídìí igi, ìyàtọ̀ yẹn tó ìgbà 24 tí ẹlòmíràn ì bá ti dúró lórí bẹ́ẹ̀sì, tí òun ń padà sórí bẹ́ǹṣì. Home run 23 dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò tó san gbèsè yẹn. Baseball-Reference, ìkànnì ìṣirò béèsìbọ́ọ̀lù, fún un ní −1.8 WAR, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ná wọn ní eré méjì (àlàyé rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀). Angels jẹ eré 80, wọ́n pàdánù 82. Eré 85 ni Minnesota Twins fi gba àyè tó kẹ́yìn láti wọ ìdíje àṣekágbá. Ẹnì kan kọ́ ló já wọn kulẹ̀ o, ṣùgbọ́n eré méjì nínú márùn-ún kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìbéèrè: Kí ni WAR yìí gan-an? Ta ni wọ́n ń fi wé ta? (Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹni tí wọ́n fi ń wé e kì í ṣe alábọ́ọ́dé. Ẹni tí ẹgbẹ́ lè pè lọ́la láti Triple-A ni, ìpele tó tẹ̀ lé ti òkè pátápátá, tí yóò gba owó tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin. Bí ẹgbẹ́ kan bá kó irú wọn nìkan jọ, eré bíi 47 tàbí 48 ni yóò jẹ nínú 162.

Wọ́n á kọ́kọ́ sọ gbogbo ohun tí ènìyàn ṣe nídìí igi di ayò. Home run kan tó ayò 1.4, bọ́ọ̀lù tó gbé ènìyàn dé bẹ́ẹ̀sì kìíní kò tó ìdajì ayò, bẹ́ẹ̀sì ọ̀fẹ́ tó bíi 0.3, out kan sì ń yọ bí ìdámẹ́rin ayò kúrò. Wọ́n á wá ka bó ṣe ń sáré, àti bó ṣe ń mú bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wo ipò tó ń gbá, ibẹ̀ sì ni àgbà ti ń ṣubú. Lọ́wọ́ FanGraphs, ìkànnì ìṣirò mìíràn, catcher (ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń lù) tó bá gbá odindi sáà gba èrè ayò 12.5, shortstop (ẹni tó ń ṣọ́ àárín bẹ́ẹ̀sì kejì àti ìkẹta) gba 7.5. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀sì kìíní ń pàdánù 12.5. Designated hitter, ẹni tí kì í wọ ìbọ̀wọ́ rárá, tó kàn ń lu bọ́ọ̀lù, ń pàdánù 17.5. Igi rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san gbèsè yẹn kó tó di pé ó ń jèrè. Ipò yìí ni Pujols ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú sáà 2017.

Ayò mẹ́wàá ló ń tó eré kan tí wọ́n jẹ. FanGraphs àti Baseball-Reference kì í bá ara wọn mu tán, nítorí náà ẹ má tìtorí ìyàtọ̀ 0.3 bá ara yín jà.

Ìbéèrè: Kí ló ń bàjẹ́ lára wọn gan-an? Ṣé agbára ni, àbí ojú? (Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Agbára ló máa ń lọ kẹ́yìn. Home run 23 yẹn fi hàn pé agbára ṣì wà. Àkókò ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínǹṣì 6 ló wà láàárín ibi ìjubọ́ọ̀lù sí ìdí igi. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré máìlì 95 ní wákàtí ń dé láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ bá yọ àkókò tí ènìyàn fi ń ju igi kúrò, èyí tó kù fún un láti mọ irú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ kò ju ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá lọ. Tí ìbàdí àti ọwọ́ bá ti lọ́ra díẹ̀, àgbà kò ní ohun mìíràn láti ṣe ju pé kó tètè bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì ti tètè bẹ̀rẹ̀, á ti dáwọ́ lé e kó tó rí bí bọ́ọ̀lù náà ṣe ń yí. Bọ́ọ̀lù tó fa sẹ́yìn tàbí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló máa ń pa á. Igi á kàn án lórí, bọ́ọ̀lù á máa yí nílẹ̀ lọ sápá òsì.

Ẹsẹ̀ ló wá dá kún ti Pujols. Ní 2013, iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ya, eré 99 péré ló gbá lọ́dún náà. Wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn sáà 2015, wọ́n sì tún ṣe é lẹ́yìn 2016. Ẹ wo àwọn tó ń ṣọ́ apá òsì nígbà tó bá dé ìdí igi: ṣe ni wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn kúrò lórí yẹ̀pẹ̀, títí gìgísẹ̀ wọn á fi wọ inú koríko. Wọ́n mọ̀ pé bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ àwọn, àwọn ṣì máa jù ú dé bẹ́ẹ̀sì kìíní kí òun tó débẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ì bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Abájọ tó fi jẹ́ pé òun ló di ẹni tí wọ́n tíì mú méjì pọ̀ lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀ jù lọ nínú ìtàn líìgì náà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa níbí, wọ́n á yá irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ mìíràn. Kí ló dé tí Angels fi gbé e dání tó bẹ́ẹ̀? (London)

Ìdáhùn: Kò sí yíyá nínú béèsìbọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún ní ìpele òkè lè kọ̀ kí wọ́n má dá òun padà sí ìpele ìsàlẹ̀, owó rẹ̀ á sì pé. Ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́wàá, tí márùn-ún tó kẹ́yìn jẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan náà, lè kọ̀ kí wọ́n má tà á.

Oṣù Kejìlá 2011 ni Pujols tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Angels: ọdún mẹ́wàá, 240 mílíọ̀nù dọ́là. Bó gbá, bó jókòó, wọ́n gbọ́dọ̀ san án. Àṣìṣe tó ń pa àwọn olówó ẹgbẹ́ nìyí: wọ́n rò pé bí àwọn bá mú un kúrò lórí pápá, owó àwọn ṣòfò. Owó yẹn ti lọ. Ohun tó kù tí wọ́n lè fi pamọ́ ni àyè kan nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí òfin fún wọn, àti àwọn out tí à ń sọ. A gbà pé Angels pẹ́ jù kí wọ́n tó rí i bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2021 ni wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. .198 ló ń lù nínú eré 24, ìyẹn ni pé kò tó ìgbà méjì nínú mẹ́wàá tó ń lù ú dé bẹ́ẹ̀sì. Jared Walsh ti gba bẹ́ẹ̀sì kìíní, Shohei Ohtani sì ni designated hitter. Ọjọ́ méje ni òfin fún ẹgbẹ́ láti tà á tàbí láti tú u sílẹ̀. Tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá gbà á kò ní san ju owó tó kéré jù lọ, tó jẹ́ $570,500 fún odindi sáà lọ́dún yẹn, wọ́n á sì pín in sí iye ọjọ́ tó kù. Ẹgbẹ́ àtijọ́ ló ń san ìyókù. Los Angeles Dodgers mú un lọ́nà yìí, Angels sì ń san èyí tó pọ̀ jù nínú 30 mílíọ̀nù ọdún náà.

Ìbéèrè: Tí ó bá ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe lu home run 24 fún St. Louis Cardinals ní 2022, lẹ́ni ọdún méjìlélógójì? (Atlanta)

Ìdáhùn: Wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ọwọ́ ọ̀tún ni Pujols fi ń lù. Bọ́ọ̀lù tí ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá yí, ẹ̀yìn odi ló ń sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tí ọlọ́wọ́ òsì bá yí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀. Ó tètè rí i, kò sì nílò láti tètè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Dodgers ló kọ́kọ́ ń fi í sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́wọ́ òsì ní 2021, Cardinals sì tẹ̀ lé ìlànà náà. Ọdún 2022 náà ni òfin designated hitter di ti títí lọ ní National League, líìgì tí Cardinals wà, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ sinmi.

Ẹ fi ọdún méjèèjì síra. Ní 2017, home run 23 nínú ìgbà 593. Ní 2022, 24 nínú ìgbà 307. Owó 2022 jẹ́ 2.5 mílíọ̀nù dọ́là. Mẹ́fà péré ni home run rẹ̀ kí wọ́n tó lọ sinmi fún eré All-Star (eré àwọn tó dára jù, láàárín sáà), méjìdínlógún lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ni gbogbo home run tó ti lù láti ìbẹ̀rẹ̀ pé 700, ní Dodger Stadium. Cardinals ló gba ipò kìíní ní ẹ̀ka wọn.

Ẹ má wá torí èyí ní sùúrù fún gbogbo àgbà. Chris Davis ti Baltimore Orioles, tó gba àdéhùn ọdún méje lórí 161 mílíọ̀nù dọ́là, lu .168 ní 2018. Láti ìparí ọdún náà wọ oṣù Kẹrin 2019, ìgbà 54 ni wọ́n kà fún un nídìí igi tẹ̀léra wọn láìrí ẹyọ kan lù. Kò sí irú ajubọ́ọ̀lù kan tí à bá fi í sílẹ̀ fún. Ohun tó yẹ kí kóòṣì wá nìyẹn: ṣé ibì kan wà tí àgbà yìí ṣì ti ń rí bọ́ọ̀lù dáadáa? Tí kò bá sí, kí wọ́n jẹ́ kó lọ.

Ìbéèrè: Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé ẹ kò ka ìmọ̀ràn rẹ̀ sí nǹkan ni? (Chicago)

Ìdáhùn: A kà á sí, gidigidi. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Chicago mọ̀ ọ́n jù wá lọ: ní eré keje àṣekágbá 2016, òjò dá eré dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ní Cleveland. Jason Heyward, tó lu .230 péré lọ́dún náà lẹ́yìn tó gba àdéhùn 184 mílíọ̀nù, ló kó àwọn Cubs jọ sínú yàrá ìdárayá, ó bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n jáde, wọ́n sì gba ife. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Heyward gba Gold Glove, ẹ̀bùn ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù mú jù ní ipò rẹ̀, lọ́dún yẹn. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kí ọ̀rọ̀ tó kàn án láti sọ. Ní Dodgers, àwọn ọmọdé ń pe Pujols ní Tío Albert, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, òun náà sì ń lu ọlọ́wọ́ òsì fún wọn. Ìmọ̀ràn lè mú wa yan àgbà nígbà tí òun àti ọ̀dọ́ bá dọ́gba. Kò lè san gbèsè ayò 20. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló kù, kí wọ́n fún un níṣẹ́ kóòṣì, kí àyè rẹ̀ lè ṣí fún ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n tó dájọ́ fún àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sáà láìdára? (Manchester)

Ìdáhùn: Iye ìgbà tí wọ́n ń fi strike mẹ́ta (bọ́ọ̀lù tó dára tí kò ju igi sí, tàbí èyí tó ju igi sí tí kò bà) lé e kúrò ló máa ń tètè sọ òótọ́, ìgbà bíi 60 nídìí igi ti tó. Bẹ́ẹ̀sì ọ̀fẹ́ nílò bíi 120. Ẹ má wo .200 tàbí .300 ní oṣù Kẹrin rárá. Ní 2012, Pujols kò lu home run kankan fún Angels títí di ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì ti ń pariwo lé e lórí. Ìgbà tí sáà máa fi parí, ó ti lu 30.