Ẹ̀rọ CNC Ń Ké, Ó sì Ń Há

ÌBÉÈRÈ: Mo to ẹ̀rọ CNC, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ pákó, fúnra mi. Ó ń ké, ó sì ń há láàárín rélì. Mo fín epo WD-40 sí i. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀.

ÌDÁHÙN: WD-40 lásán kì í pẹ́ gbẹ, ó sì ń fọ gíríìsì inú bíárìn (ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ sún wẹ́rẹ́) dànù. Ohun tó dá igbe náà padà nìyẹn.

Ẹ yọ wáyà iná. Ẹ fi ẹ̀rọ fa ìyẹ̀fun pákó kúrò. Ẹ má fẹ́ ẹ, á wọnú bíárìn. Ẹ wá nu rélì àti skúrù gígùn tó ń ti ẹ̀rọ náà lọ bọ̀ mọ́.

Bí ọmọ irin róbótó bá wà nínú ohun tó ń sáré lórí rélì, gíríìsì lithium NLGI 2 (nọ́ńbà tó ń sọ bí gíríìsì ṣe ki tó) ni kí ẹ tì sí i, títí díẹ̀ yóò fi yọ létí rọ́bà rẹ̀. Ẹ sún un lọ sún un bọ̀ nígbà mẹ́wàá, kí ẹ nu àṣẹ́kù.

Skúrù tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ ike kò fẹ́ gíríìsì rárá: ìyẹ̀fun á pò mọ́ ọn, á di ẹrẹ̀ tó ń jẹ nọ́ọ̀tì. PTFE gbígbẹ (ohun tí ń mú nǹkan yọ̀ láìfi epo sílẹ̀) ni kí ẹ fín sí i. Táyà ike tó ń yí lórí alumíníọ̀mù ńkọ́? Ẹ má fi nǹkan kan sí i.

Tó bá ṣì ń há lójú kan náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo mọ́; rélì méjèèjì kò jìnnà síra dọ́gba, tàbí skúrù ti tẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì skúrù sílẹ̀, ẹ dẹ bóòtù rélì kan, kí ẹ máa fi ọwọ́ ti afárá ẹ̀rọ náà (apá tó dábùú rélì méjèèjì) láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ẹ sì máa fún bóòtù ibi tó bá dé.