Èsì: Kí ni ẹgbẹ́ alátakò lè rí kọ́ nínú ìbò Quebec?

Ẹ̀gbọ́n, ìbò 2014 ní Quebec, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, nìkan ti tó fún ìbéèrè yín. Ẹ má bá aráàlú ja ìjà tí wọn ò bẹ̀ yín sí ni o. Pauline Marois, olórí Parti Québécois, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Quebec ya kúrò lára Kánádà, ló ń ṣe olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà, òun náà ló pe ìbò, nǹkan ń lọ dáadáa, àfi bí Péladeau, oníṣòwò ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ wọn, ṣe na ẹ̀ṣẹ́ sókè pé òun fẹ́ kí Quebec di orílẹ̀-èdè, ó parí! Àwọn tó ti dìbò kọ ìyapa nínú rẹfẹrẹ́ńdọ̀mù (ìbò tí aráàlú fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá) ní 1980 àti 1995 sá fún wọn, àga 30 péré nínú 125 ní ilé aṣòfin ni wọ́n rí, Marois gan-an pàdánù tiẹ̀ (ojú tì mí fún un). Legault, mínísítà wọn àtijọ́ tó ti lọ dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, wá ní òun ò ní pe rẹfẹrẹ́ńdọ̀mù kankan, inú Kánádà náà lòun á ti máa jà fún Quebec, ó sì wọlé ní 2018.