Èsì: Ṣé ó yẹ kí n wo fíìmù ìdánrawò Michael Jackson?

Ẹ bèèrè bóyá “This Is It” tó wò, àbí wọ́n kàn fi olóògbé pawó ni. Owó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ìdánrawò ni, wọ́n yà á ní Los Angeles fún eré 50 tó fẹ́ ṣe ní gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 2009. Fíìmù náà, tí Kenny Ortega darí, jáde ní oṣù kẹwàá. Michael ń tọ́jú ohùn rẹ̀, torí náà ẹ má retí kó fi gbogbo agbára kọrin. Ibi tó ti ń bá atẹdùùrù sọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ní kó rọra fa orin kan, síbẹ̀ kò gbà títí ó fi rí bó ṣe fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an!