Ìró Kì í Mú Irin Dán: Èsì fún Ẹni tó Fẹ́ Ra Ultrasonic Nítorí Pinball

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra pinball àtijọ́ kan níbí ní Maryland, ẹ̀rọ eré tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù irin, Eight Ball tí iléeṣẹ́ Bally ṣe ní 1977. Ó ń tanná, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, òmíràn sì ti dípẹtà. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ultrasonic, ọpọ́n omi tí ń fi ìró fọ nǹkan, tí yóò sọ gbogbo rẹ̀ di tuntun. Mo rí ti lítà 2, ti lítà 6 àti ti lítà 30. Ẹni tó ń tà á ní bí wọ́ọ̀tì bá ṣe pọ̀ tó ni irin yóò ṣe dán tó, àti pé bí ìdọ̀tí bá lágídí, kí n da bẹntiróò sínú rẹ̀. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bẹntiróò kúrò nílẹ̀. Má dán an wò. Bẹntiróò o, tínà o, spirit o, ìkankan nínú wọn kò gbọdọ̀ wọ inú ọpọ́n ultrasonic. Ẹ̀rọ náà ń mú ohun tó wà nínú rẹ̀ gbóná, ó ń sọ ọ́ di oru sójú afẹ́fẹ́, iná mànàmáná sì wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ̀ta iná kékeré kan ti tó láti jó ilé. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun ti ń ṣe é tipẹ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, orí rẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Omi àti ọṣẹ ni ẹ̀rọ yìí mọ̀.

Ó yá, èwo ni kí o rà? N ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìbéèrè rẹ tí mò ń gbọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Chicago níbí, tó sì ń bí mi nínú nítorí owó tó ti gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn: pé ultrasonic ń sọ irin di tuntun. Irọ́ ni. Ultrasonic ń fọ nǹkan ni. Kì í mú nǹkan dán. Kì í wo ìpẹtà sàn.

Wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lábẹ́ ọpọ́n irin yẹn, wọ́n lẹ àwọn nǹkan kan mọ́ ọn tí à ń pè ní transducer. Bí iná bá dé ara wọn, wọn a máa gbọ̀n ní ìgbà 40,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ìgbọ̀n yẹn ń fa omi ya, ìhó wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí a sì máa yọ nínú rẹ̀, wọn a tún bẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìhó tó bá bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, omi a ta láti inú rẹ̀ bí ẹnu abẹ́rẹ́, a gbá ìdọ̀tí tó lẹ̀ síbẹ̀ dànù. Ẹwà iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ìhó ń wọ ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé: inú eyín nọ́ọ̀tì, àárín sípíríǹgì, kọ̀rọ̀ tí irin méjì ti pàdé.

Ní Sátidé tó kọjá, mo sọ plunger kan kalẹ̀ sínú tèmi. Plunger ni ọ̀pá irin tí kọ́ìlì (wáyà tí a wé, tó ń di mágínẹ́ẹ̀tì bí iná bá dé ibẹ̀) ń fà wọlé kí flipper, apá kékeré tí ń gbá bọ́ọ̀lù, tó lè jù. N kò tíì kà dé mẹ́wàá tí dúdú fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀, bí aró ṣe ń jò lára àdìrẹ tuntun nígbà àkọ́fọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 8 mo gbé e sókè. Gíríìsì ti lọ, eruku dúdú ti lọ, mo wá rí i kedere pé orí ọ̀pá náà ti fẹ̀ bí orí olú, látàrí bó ṣe ń forí sọ irin ìdádúró rẹ̀ láti bí ogójì ọdún. Ó mọ́ tónítóní. Kò dán. Mo jù ú nù, mo fi tuntun sí i.

Ìpẹtà kì í ṣe ìdọ̀tí tó jókòó sórí irin. Irin fúnra rẹ̀ ni, tí omi àti afẹ́fẹ́ ti jẹ, tó ti yí padà di nǹkan mìíràn. Ultrasonic lè gbọn èyí tó ti rọ̀ lára rẹ̀ dànù, kòtò ni ìwọ yóò sì bá lábẹ́ rẹ̀. Dídán ńkọ́? Ojú tó jọ̀lọ̀ ló ń dán, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án ń ta padà síbì kan náà. Ìhó tí ń bẹ́ kò lè mú ojú irin jọ̀lọ̀.

Bí o kò bá gbà mí gbọ́, gé fọ́ìlì ìdáná díẹ̀. Rọ̀ ọ́ ní ìdúró sínú omi ẹ̀rọ náà, má jẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀, kí o tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 1 péré. Yọ ọ́, gbé e síwájú gílóòbù. Ìwọ yóò rí ihò wẹ́wẹ́ káàkiri, ibi tí kò sì lu yóò ti rí ṣákiṣàki lójú. Ìdánwò tí àwa tí a ń lo ẹ̀rọ yìí fi ń mọ̀ bóyá ó ṣì lágbára nìyẹn. Ohun tó lu fọ́ìlì ní ihò, ṣé òun náà ni yóò wá máa nu irin títí yóò fi dán bíi dígí?

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ: o rí àwòrán níbi tí wọ́n ti ń tà á, irin dúdú wọlé, irin dídán jáde. Àwòrán yẹn lè má jẹ́ irọ́. Irin tí nickel rẹ̀, ìbora dídán tí wọ́n fi bo irin, ṣì pé lábẹ́ gíríìsì ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò fi dídán kún un, ó kàn ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ni. Fi irin tí nickel ti ṣí lára rẹ̀ síbẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà, irin tí nickel ti ṣí lára rẹ̀ náà ni yóò jáde.

Ohun tó ń mú irin pinball dán ni tumbler, abọ́ ńlá kan tí ń gbọ̀n. A óò bu èèpo walnut tí wọ́n lọ̀, tàbí ṣùkù àgbàdo tí wọ́n lọ̀, sínú rẹ̀ (àní ṣùkù tí a máa ń jù nù nílé), a óò fi ìpara ìdánrin díẹ̀ sí i, irin á sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Iṣẹ́ ultrasonic ni láti bọ́ gíríìsì kúrò kí irin tó wọ tumbler, kí gíríìsì má bàa ba ṣùkù jẹ́. Wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni, ìkan kò rọ́pò ìkejì. Fínígà lè jẹ ìpẹtà lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò jẹ zinc tí wọ́n fi bo irin mọ́ ọn, má sì rẹ sípíríǹgì sínú rẹ̀ rárá, ó lè sọ ọ́ di ohun tí ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Irin tí ìpẹtà ti jẹ dénú, ra tuntun. Bally ṣe ju 20,000 Eight Ball lọ, irú plunger àti sípíríǹgì tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n lò nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn, àwọn ẹlòmíràn sì ṣì ń ṣe é títí di òní. Kò wọ́n.

Wàyí o, wọ́ọ̀tì. Ẹni tó ń tà á fún ọ kò ṣàlàyé pé iná méjì ló wà nínú àpótí náà: ti ìró àti ti hítà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lítà 6 tó wà lọ́jà, 180 wọ́ọ̀tì ni ti ìró, 300 ni ti hítà. Wọn a ro ó pọ̀, wọn a kọ 480 gàdàgbà sára páálí, ìwọ a rò pé agbára ìfọ̀ lò ń rà, omi gbígbóná lò ń rà. Tún wò ó: 180 lórí lítà 6 jẹ́ 30 wọ́ọ̀tì fún lítà kọ̀ọ̀kan. Ti lítà 30 sábà máa ń ní 600, ìyẹn 20 péré fún lítà kan. Èyí tó tóbi ni ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jù! Omi inú rẹ̀ nìkan wúwo tó kílò 30, á pẹ́ kí ó tó gbóná, gbogbo rẹ̀ náà lo sì máa dà nù nígbà tó bá dọ̀tí. Béèrè iye wọ́ọ̀tì ìró nìkan. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀ ọ́n, má rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, lítà 6. Ọpọ́n rẹ̀ sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó fẹ̀ tó 15, ó jìn tó 15. Odindi àwo irin tí flipper jókòó lé yóò wọ̀ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti tú kọ́ìlì kúrò. Ti lítà 2 kò ní gbà á. Irin gígùn tí ń darí bọ́ọ̀lù, fi ọwọ́ àti aṣọ nù ún. Ra èyí tó jẹ́ 40 kilohertz, ìyẹn ìgbọ̀n 40,000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó kéré sí i, bíi 28, líle ni ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì mọ́tò ló yẹ ẹ́. Kí ó ní hítà, torí omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, 50 sí 60 lórí ìwọ̀n Celsius, ló ń ṣí gíríìsì. Kí ó ní ẹnu ìdami ní ẹ̀gbẹ́. Kí ó ní apẹ̀rẹ̀, torí irin kò gbọdọ̀ jókòó sórí ìsàlẹ̀ ọpọ́n, yóò lù ú jẹ́. Ọṣẹ ìfọ-abọ́ díẹ̀ ti tó. Jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 5 kí o tó fi irin sí i, kí afẹ́fẹ́ inú omi lè jáde, torí omi tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ kì í fọ nǹkan dáadáa. Má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí o bá ti yọ irin, ṣàn án, kí o fi ẹ̀rọ ìgbẹrun gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Irin tó mọ́ tí omi wà lára rẹ̀ lè dógùn-ún kí o tó jẹun alẹ́ tán.

Ohun tí o máa fi síbẹ̀ kò pọ̀ tó bí o ṣe rò. Kọ́ìlì kò wọ̀ ọ́: wáyà rẹ̀ ní ìbora tó fẹ́lẹ́, bébà sì wà lára rẹ̀. Pátákó eré tí bọ́ọ̀lù ń yí lórí rẹ̀ kò wọ̀ ọ́, o kò sì ní í gbìyànjú ẹ̀ bí orí rẹ bá pé. Àwọn plástíìkì tó ní àwòrán ńkọ́? Ẹnì kan gbé tirẹ̀ wá bá mi nínú ọ̀rá. Ẹlòmíràn ló bá a fọ̀ ọ́ nínú ultrasonic gbígbóná, àwòrán ti ṣí kúrò lẹ́yìn wọn ní ìpẹ́pẹ́, ó kó ìpẹ́pẹ́ náà pamọ́ sínú ọ̀rá kan náà bóyá mo lè lẹ̀ ẹ́ padà. N kò lè lẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí púpọ̀, torí ẹni tó ya àwòrán yẹn fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe é. Aṣọ rírọ̀ àti omi tútù ló yẹ plástíìkì. Bọ́ọ̀lù irin náà, má wulẹ̀ fọ̀ ọ́. Ra tuntun: 27 mílímítà ni ìbú rẹ̀, gíráàmù 80 ló wúwo. Bọ́ọ̀lù tó ti ní kòtò lára máa ń ha pátákó bí pépà ìhagi ni.

Kí ló sọ irin rẹ di dúdú bí ìdí ìkòkò? Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ ti fi òróró sí plunger. Gbígbẹ ni plunger ń ṣiṣẹ́ nínú kọ́ìlì. Òróró ló ń mú eruku, òun àti lẹ́búlẹ́bú irin a di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ a di lẹ́ẹ̀. Fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, pààrọ̀ ike tó wà nínú kọ́ìlì, má sì ta òróró kankan sí i.

Bí ẹyọ pinball kan yìí nìkan lo ní, má ra ultrasonic. Mò ń sọ ọ́ láti inú ọkàn mi. Báàfù kékeré, omi gbígbóná, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ìrọ̀lẹ́ méjì á ṣe é. Fi owó náà ra flipper tuntun àti rọ́bà tuntun, ìyàtọ̀ tí wọn yóò ṣe nínú eré, ojú rẹ á rí i. Bí o bá fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́, tí ìkejì àti ìkẹta ń bọ̀, ra lítà 6. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo sọ yìí o. Ka ìwé tó bá ẹ̀rọ tìrẹ wá, ibi tí ọ̀rọ̀ mi àti tirẹ̀ bá ti takora, tirẹ̀ ni kí o tẹ̀ lé.

Ohun tí o kò béèrè ló ń já mi láyà jù. Yọ pinball náà kúrò lára iná ní alẹ́ òní, kí o ṣí àpótí orí rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn. Lápá òsì lókè, ìwọ yóò rí bọ́ọ̀dù kan tí bátìrì kékeré wà lára rẹ̀, nickel-cadmium, 3.6 volt. Bí o bá rí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé bí ìyẹ̀fun ní àyíká rẹ̀, bátìrì náà ti jò, ó sì ń jẹ bọ́ọ̀dù náà lọ bí ikán. Wọ ìbọ̀wọ́, gé e kúrò, má dúró di ọ̀la. Kódà bí kò bá tíì jò, gé e kúrò. Àmì ayò tó ga jù lọ àti àwọn àkọsílẹ̀ bíi rẹ̀ ni kò ní máa rántí mọ́, eré yóò máa lọ bó ṣe ń lọ. Ya fọ́tò ibẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó da ohunkóhun sí i lára.