Ọmọ náà kò díbọ́n: èsì sí ìyá tí ó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin màmá tí ẹ kọ̀wé láti Ọ̀yọ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ sọ pé ọmọkùnrin yín, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9, ń ṣẹ́jú léraléra, ó ń ju ọrùn sẹ́yìn, ó sì ń ha ọ̀fun títí tí olùkọ́ fi ń lé e jáde kúrò ní kíláàsì. Dókítà ti sọ fún yín pé àrùn Tourette ni, èyí tí ó ń mú kí ara máa fò, kí ọ̀fun sì máa dún, láìjẹ́ pé èèyàn fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà àti ìyá ọkọ yín kò gbà, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, "ó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí ó bá wù ú." Ẹ wá ń béèrè bí ẹ ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ kí ó lè yé wọn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe nítòsí Tákìẹ́, mo ti pé ọmọ ọdún 36, àrùn náà sì ti wà lára mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún 7.

Gbólóhùn yẹn, pé ó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí ó bá wù ú, ni wọ́n fi jẹ mí níyà fún ọdún 12 gbáko. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ náà.

Kí ọrùn mi tó fò, nǹkan kan a kọ́kọ́ kó jọ sí ibẹ̀, bí ohun tí ó ń yún èèyàn lábẹ́ awọ níbi tí ọwọ́ kò lè tó. Ó dà bí ìgbà tí ikọ́ ọyẹ́ bá mú èèyàn ní ọ̀fun nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo ìjọ ti di ojú, tí pásítọ̀ sì ń gbàdúrà. Ẹnikẹ́ni lè mú irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Yóò máa gbé itọ́ mì, yóò fi ètè pa ètè, omi yóò máa bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ní mọ ohun tí pásítọ̀ ń sọ mọ́, nítorí pé ikọ́ nìkan ni ó ń bá jà. Nígbà tí ìjọ bá ṣe àmín, ikọ́ náà yóò bú jáde. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún onítọ̀hún pé, níwọ̀n bí ó ti lè mú un mọ́ra láàárín àdúrà, ó ń mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ìfò ara àti ìró ọ̀fun wọ̀nyí, tí àwọn dókítà ń pè ní tíìkì, ṣe rí. Ọmọ yín lè dá a dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n gbogbo agbára tí ó yẹ kí ó fi gbọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò ni yóò fi dá a dúró.

Ní ọdún 1996 ni tèmi bẹ̀rẹ̀, láti ojú. Ìyá mi rò pé apòló ni, ó ń kán oògùn sí ojú mi ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Nígbà tí ó kúrò ní ojú, ó bọ́ sí èjìká, ó tún bọ́ sí ọrùn, nígbà tí n óò sì fi pé ọmọ ọdún 9, mo ti ń ké bí òròmọdìẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ní kí n wá kúnlẹ̀ sí iwájú tábìlì òun, ó gbé pankẹ́rẹ́ lé orí tábìlì náà, ó ní bí mo bá tún dún, ẹgba mẹ́fà ni. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ tí mo ń wo pankẹ́rẹ́ yẹn, mo fi eyín di ahọ́n mi mú títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀, n kò sì dún fún bí 20 ìṣẹ́jú. Ó ránṣẹ́ pe ìyá mi, ó ní, "Ẹ ò rí i? Kò sí ohun tí ó ń ṣe é. Oríkunkun ni." Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tí mo ṣe láti gba ara mi lọ́wọ́ ẹgba di ẹ̀rí tí wọ́n fi ń nà mí. Nígbà tí a dé ilé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, gbogbo èyí tí mo ti mú mọ́ra tú jáde fún ohun tí ó ju wákàtí kan lọ, ìyá mi sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sunkún, ó ní mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá mi ju òun tí ó bí mi lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá kan ní ìgbèríko, tí ó ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ abúlé náà. Ọjọ́ 21 ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ yí ìpàkọ́ mi ká, wọ́n fi ẹ̀tù dúdú pa á, nígbàkígbà tí ọrùn mi bá sì fò, ojú gbẹ́rẹ́ náà yóò tún ya. Ní alẹ́, wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ẹsẹ̀ mi kan mọ́ òpó, láàárín àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ọmọ ọdún 10 ni mí nígbà náà. Mo rántí òórùn yàrá náà, mo sì rántí iye igi àjà tí ó wà lókè orí mi, 14 ni wọ́n, nítorí pé kíka wọn ni mo fi ń mú ara mi dúró. Bàbá náà kíyè sí i pé n kì í mì nígbà tí òun bá dúró tì mí, ó sì ń sọ fún àwọn ènìyàn pé àǹjọ̀nnú tí ó wà lára mi ń bẹ̀rù òun. Èmi gan-an ni mo ń bẹ̀rù rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìyá mi wá mú mi, mo mú gbogbo ara mọ́ra, bàbá náà ní mo ti gbádùn, ó sì gba ìyókù owó rẹ̀. Mọ́tò wa kò tíì jáde sí títì tí ọrùn mi fi fò lẹ́ẹ̀mẹta léra. Ìyá mi wò mí, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan títí a fi wọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ má rò pé àwọn oníṣègùn òyìnbó tí a kọ́kọ́ bá pàdé sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtìjú ni ó mú kí n jókòó bí ère níwájú dókítà kan, ó wò mí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó sì kọ oògùn wárápá fún mi lórí ohun tí ìyá mi ròyìn fún un. Ọdún méjì ni mo fi lò ó, tí mo ń sùn lórí ìwé. Ẹni tí wárápá bá gbé ṣubú, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kì í mọ ara rẹ̀ ní àkókò náà. Èmi mọ̀, mò ń gbọ́, mo sì lè dáhùn ọ̀rọ̀ láàárín rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni ì bá gbà mí, dókítà náà kò sì bi mí. Bí ẹnikẹ́ni tí ó ń ka èyí bá ń lo oògùn wárápá lọ́wọ́, kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí ìtàn mi, nítorí pé dídá a dúró lójijì lè fa gìrì tí ó lágbára; ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó padà sí. Bákan náà ni wọ́n tún ṣì mí gbọ́ ní ọdún 2006, nígbà tí mo ń ṣe ìdánwò ìparí ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí ó ń ṣọ́ wa lé mi jáde nígbà ìdánwò ìṣirò, ó ní ọ̀fun tí mò ń ha jẹ́ àmì tí mo fi ń sọ ìdáhùn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún kan gbáko ni mo fi dúró láti tún un ṣe.

Ní ọdún 2008, dókítà obìnrin kan ní Ìbàdàn yí àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ó ń kọ̀wé, ó ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀, ó sì ń fi igun ojú wò mí. Nígbà tí mo rò pé kò wò mí mọ́, ara mi tú. Ó ní kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán orí tí ó ń fi àrùn náà hàn; ohun tí wọ́n ń wò ni pé kí ìfò ara jẹ́ oríṣi méjì ó kéré tán, kí ìró jẹ́ oríṣi kan ó kéré tán, kí ó ti ju ọdún kan lọ, kí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ọmọ ọdún 18. Ó ní ní ọdún 1885 ni dókítà ará Faransé kan, Georges Gilles de la Tourette, kọ̀wé nípa àwọn mẹ́sàn-án tí ó ní i. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ 1885, ó béèrè ìdí tí kò fi sí ẹni tí ó sọ fún wa láti ọjọ́ yìí wá. Títí di òní, inú ń bí mi sí àwọn tí ìjọba ń san owó fún láti mọ̀, tí wọn kò mọ̀, tí wọn kò sì sọ pé àwọn kò mọ̀.

Nítorí pé ara máa ń dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, ẹ fi fóònù ya ọmọ yín ní fídíò ní ilé, láìjẹ́ kí ó máa wo yín, nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé. Òun ni kí olùkọ́ náà rí. Tíṣà tí ó rí bí ọmọ náà ṣe jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì kò rí owó tí ó ń san fún un ní ilé.

Ní ti oògùn, kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó nílò rẹ̀. Wọ́n fún mi ní haloperidol. Ní ọjọ́ kẹta, ọrùn mi yí sí apá òsì ó sì há síbẹ̀, ahọ́n mi wúwo, ẹ̀rù ikú bà mí. Abẹ́rẹ́ kan ní ilé ìwòsàn ni ó tú u sílẹ̀, nígbà náà ni wọ́n tó sọ fún wa pé oògùn náà máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ oògùn fún ọmọ yín, ẹ má kúrò lórí àga títí wọn yóò fi sọ ohun tí ó lè ṣe fún un, kí ẹ má sì rà á ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ìdánrawò tí dókítà yẹn kọ́ mi: bí yíyún ọrùn náà bá ti ń bọ̀, n óò fa àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀, n óò mú iṣan ọrùn le jẹ́jẹ́ títí yóò fi rọlẹ̀. Kò ṣòro, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò fi hàn yín.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé tíìkì lè pọ̀ sí i kí ó tó dín kù. Láàárín ọmọ ọdún 10 sí 12 ni ó máa ń le jù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, lẹ́yìn náà ni ó ń fúyẹ́ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Tíìkì mìíràn yóò lọ fún oṣù méjì, yóò sì padà wá ní ọ̀nà mìíràn, pàápàá nígbà tí ó bá rẹ ọmọ tàbí tí ìdùnnú bá pọ̀ jù. Olùkọ́ náà lè tún sọ pé kì í mì nígbà tí ó bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Òtítọ́ ni. Bí mo bá ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ, ọrùn mi a máa sinmi, nítorí pé gbogbo ọkàn mi wà lójú ìlà. Tim Howard, aṣọ́lé Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, tí ó bá Joseph Yobo àti Yakubu wa ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Everton, ní àrùn yìí láti kékeré, ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014, ó ju bọ́ọ̀lù 10 lọ tí ó gbà dúró nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo pẹ̀lú Belgium. Orúkọ rẹ̀ ni dókítà mi fi tù mí nínú, orúkọ náà sì lè wúlò fún olùkọ́ tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù.

Àwọn ohun tí ẹ óò béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kò pọ̀. Kí ó fi ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí ó lè jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìtọrọ àyè níwájú gbogbo kíláàsì, kí ó sì má ṣe sọ fún un pé kí ó dákẹ́, nítorí pé bí wọ́n bá ti ń pe àkíyèsí sí i ni ó ń pọ̀ sí i. Kí àwọn ọmọ yòókù gbọ́ pé kì í ràn. Ẹ mú ìwé dókítà dání.

Ìyá ọkọ yín ni ó kù. Bí ẹnìkan bá ti fi hàn án lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn tí ó ní àrùn yìí ń bú èèyàn, ẹ sọ fún un pé èyí kò ju bí ẹnì kan tàbí méjì lọ nínú mẹ́wàá, àti pé àwọn náà kò ní in lọ́kàn. Àrùn náà sì máa ń rìn nínú ìdílé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún un pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti wá; ilé yóò dàrú. Ìtàn ni kí ẹ béèrè. Nígbà tí a ti Ìbàdàn dé, ìyá mi kò ṣàlàyé kankan fún ìyá àgbà mi, ó kàn bi í léèrè bóyá ó ti mọ ẹnìkan rí tí ó ń ju ọrùn báyìí. Ìyá àgbà fi ẹ̀gúsí tí ó ń pa sílẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní Àlàó, àbúrò òun ọkùnrin, a máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré, a sì máa hu bí ẹyẹ nínú oko, àwọn kò sì mú un lọ sí ibì kankan, ó ṣe àgbẹ̀, ó fẹ́ ìyàwó, ó bí ọmọ márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ó pè mí, ó fi ọwọ́ kan ojú gbẹ́rẹ́ ìpàkọ́ mi, ó sì béèrè ẹni tí ó ní kí wọ́n sín in.